Ìyá Àgbà Kò Gbà Kí Sítáǹpù Wọn Di Iṣẹ́

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí wa dìde, ó ka ọ̀rọ̀ kan nípa wọn sí etí gbogbo èèyàn. Ó ní obìnrin onísùúrù ni wọ́n, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, tó jẹ́ pé ohun tí àwọn ọmọ wọn bá ti sọ ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Mo wo àwọn àgbà Lalupon tí wọ́n jókòó lábẹ́ ìbòòji. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ìyá Sílífá, tí òun àti Ìyá Àgbà jọ din gàrí fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ìborùn bo ẹnu, èjìká wọn sì ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé ẹ̀rín ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ tèmi. Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, ìyá tó bí ìyá mi, kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Wọ́n lè máa bá èèyàn jiyàn títí omi á fi hó lórí iná, kí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, kí wọ́n ro àmàlà, kí wọ́n bu oúnjẹ fún ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn náà, kí wọ́n sì tún bá ọ̀rọ̀ lọ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe nǹkan, kí olúwarẹ̀ wá ibi jókòó sí ni. Ohun tí wọ́n sì jà fún jù lọ láyé wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ pé kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Sítáǹpù ni. Àwòrán pélébé tí à ń lẹ̀ mọ́ igun àpò lẹ́tà kí ó tó lè rìnrìn àjò.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni àtíbàbà tí wọ́n ti ń din gàrí wà, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì wà ní òdìkejì. Nígbà tí lẹ́tà ṣì ń wọlé, ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, á gba tirẹ̀, á sọdá wá sábẹ́ àtíbàbà, á wá ẹni tó máa bá a kà á. Ìyá Àgbà náà kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí wọn kì í fo nǹkan kan. Àbúrò wọn ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lásísì, tó lọ ṣòwò ní Gáánà. Lẹ́tà tí Lásísì kọ́kọ́ kọ sílé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń kà á ti ka ìkíni tán, ó ti ń ka bí ọjà ṣe ń lọ, nígbà tí ojú Ìyá Àgbà ṣèèṣì bọ́ sára àpò lẹ́tà náà. Àwòrán kòkó ló wà lára sítáǹpù rẹ̀. Oko kòkó sì ni bàbá wọn fi tọ́ wọn. Orí ni àwọn ọmọ fi ń ru kòkó náà láti oko wá sílé, ọrùn á máa dùn wọ́n mọ́jú. Wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà nínú lẹ́tà mọ́. Wọ́n na ọwọ́ gba àpò rẹ̀, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

Wọ́n ní, "Ẹ wò ó o. Kòkó tí à ń rù bí ẹrú, òun ni wọ́n yà síbí bí ẹni ya ọba."

Wọ́n gé igun àpò náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi títí gọ́ọ̀mù rẹ̀ fi tú, wọ́n sá sítáǹpù náà sórí aṣọ mímọ́, wọ́n fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ kó lè nà dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Agolo bísíkíìtì ńlá kan ni wọ́n ń kó wọn sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìlú bá gba lẹ́tà, ó ti mọ̀ pé Ìyá Àgbà máa bèèrè igun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kì í gba sítáǹpù lásán. Ẹni tó bá mú un wá gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ àti ìròyìn tó bá a wá. Ṣé wọ́n bímọ lọ́hùn-ún ni? Ṣé wọ́n ń jà ni? Bí kò bá sí ìròyìn, wọ́n á dá a padà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sílífá rí àpò lẹ́tà kan he ní ọjà Ìyànà Ọ̀fà, sítáǹpù aláwọ̀ pupa kan wà lára rẹ̀, ẹṣin ló wà níbẹ̀. Wọ́n sáré gbé e wá.

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló kọ ọ́?"

"Ibo ni kí n ti mọ̀? Ilẹ̀ ni mo ti rí i."

"Dá a padà síbi tó o ti rí i."

Ìyá Sílífá ní àwọn ò lè gbé ẹṣin tó dára tó báyẹn padà sínú ẹrẹ̀. Wọ́n jókòó ti agbada gàrí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ọkùnrin kan ló kọ ọ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ní òun ti ra ẹṣin, òun máa gùn ún wá sílé wọn, bàbá ọmọ sì fèsì pé kò sí koríko nínú àgbàlá òun. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí gàrí inú agbada fi fẹ́ jóná. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n rò ó wò, wọ́n na ọwọ́.

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó dùn. Mú un wá."

Bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Orílẹ̀-èdè kò kàn wọ́n, ọdún kò kàn wọ́n. Ẹyẹ wà pẹ̀lú ẹyẹ nítorí pé wọn ò fẹ́ kí ẹyẹ kankan dá wà. Ọkọ̀ ojú omi wà lọ́tọ̀ nítorí pé ẹ̀rù omi ń ba Ìyá Àgbà. Àwọn obìnrin tó wé gèlè wà nísàlẹ̀ agolo níbi tí gèlè wọn kò ti ní tẹ̀. Sójà kan tó ti ṣèjọba nígbà kan rí wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọn ò ya á dànù. Wọ́n kàn máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo yí i padà nítorí mo rò pé àṣìṣe ni. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́, wọ́n tún dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí ó máa ro ohun tó ṣe."

Lẹ́yìn ìrun Alaásàrì ni wọ́n máa ń ṣí agolo náà, bí ó bá wù wọ́n. Ó lè wù wọ́n lónìí, kó má wù wọ́n títí oṣù á fi lé. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀. Èmi náà á jókòó. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n á mú òmíràn. Ó máa ń bí mi nínú pé nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn gan-an, tí mo ti ń nàgà mú èyí tó kàn, ni wọ́n máa ń dé agolo. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Mo máa ń sunkún nígbà mìíràn. Wọ́n á ká ẹní, wọ́n á gbé agolo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ó tó," ni wọ́n máa ń wí. "Kí n má lọ kórìíra rẹ̀."

Àáfà ọ̀dọ́ kan dé ìlú wa nígbà kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé kéwú dé ni, ó sì fẹ́ tún gbogbo wa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n sọ fún un pé Ìyá Rábí kó àwòrán èèyàn àti ẹyẹ kún agolo. Ó wá, ó kí wọn dáadáa, ó jókòó.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé malaika kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Àáfà. Owó tó wà lápò yín ńkọ́? Ṣé kò sí orí èèyàn lára rẹ̀ ni?"

Àáfà fọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ó wà lára rẹ̀, Ìyá."

"Ṣé ẹ máa ń kó o sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí?"

Àáfà náà rẹ́rìn-ín, kò lè pa á mọ́ra. Mo rò pé Ìyá Àgbà máa fi í sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í fi èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n dúró kí ó mu ún tán. Nígbà tó yá, ó gbé sítáǹpù kan wá fún wọn, láti ara lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ láti Mẹ́kà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ni òun fúnra rẹ̀ ṣì ń sọ káàkiri.

"Tí mo bá fẹ́ kírun, mo máa ń dé agolo mi. Ẹ̀yin náà, ẹ máa di àpò yín."

Mo ti wá dé ibi tí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ níbi àdúà fò. Bọ̀dá Gàní ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òṣìṣẹ́ káńsù ni wọ́n ní Ìyànà Ọ̀fà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n jẹ́ ẹni tó máa ń to bàtà tiwọn sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni to sójà, tí síbí ò gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí fọ́ọ̀kì kọjú sí. Nígbà tí èéfín ti ba ojú Ìyá Àgbà jẹ́ débi pé wọ́n ní láti fi gàrí dídín sílẹ̀, tí fóònù sì ti pa lẹ́tà tì, Bọ̀dá Gàní gbọ́ ní ibi iṣẹ́ pé ẹgbẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń kó sítáǹpù jọ. Inú wọn dùn bí ẹni tó rí ìwòsàn fún ìyá rẹ̀. Ìfẹ́ ló fà á, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn.

Wọ́n mú ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà wá sí Lalupon, Ọ̀gbẹ́ni Àjàó, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn wọn tutù. Wọ́n gbé álúbọ́ọ̀mù ńlá kan tí à ń to sítáǹpù sí dání, àti ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń mú sítáǹpù kí ọwọ́ má bàa kàn án, àti ìwé nípọnnípọn kan tí wọ́n ní gbogbo sítáǹpù ayé wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ agolo Ìyá Àgbà fún ìgbà pípẹ́.

"Màmá, ohun iyebíye lẹ ní yìí. Àmọ́ wọn ò pé."

"Kí ni ò pé?"

"Ẹ wo àwọn ẹyẹ yìí. Wọ́n pọ̀ jù báyìí lọ nígbà tí wọ́n jọ jáde. Àwọn kan ti sọnù."

"Wọn ò sọnù lọ́wọ́ mi. Mi ò ní wọn rí."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn, Màmá."

Títí di ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò mọ̀ pé ohunkóhun kù nínú agolo wọn.

Láti ìgbà náà, Sátidé di ọjọ́ sítáǹpù. Bọ̀dá Gàní á gun ọ̀kadà wá láti Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n á gbé tábìlì síta, wọ́n á ní kí Ìyá Àgbà wá jókòó. Ẹ̀mú ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ìka. Orílẹ̀-èdè ni kí wọ́n fi tò wọ́n sínú álúbọ́ọ̀mù tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàó fi sílẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ìtàn púpọ̀ nítorí iṣẹ́ pọ̀. Bí wọ́n bá fi ojú ìwé kan sílẹ̀ láìparí, Bọ̀dá Gàní á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán wọn létí ní Sátidé tó kàn. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa wá àwọn ẹyẹ tó kù kiri, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, kí wọ́n rà á bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mo lọ kí wọn ní Sátidé kan láti Ọlọ́runṣògo, níbi tí mo ti ń ta oògùn. Mo bá Ìyá Àgbà ní ẹ̀yìnkùlé, òkìtì ẹ̀gẹ́ wà níwájú wọn, wọ́n ń bó o tìbínú-tìbínú.

"Ìyá Àgbà, gàrí wo lẹ tún fẹ́ din? Ṣebí ẹ ti fi sílẹ̀."

"Sátidé ni òní, Àníkẹ́. Bọ̀dá rẹ ń bọ̀. Bó bá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, bóyá kò ní fún mi níṣẹ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jẹ́ kí n lè rín in. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n mú mi wọlé, wọ́n ṣí álúbọ́ọ̀mù náà. Ó mọ́, ó tò, ó dára lójú. Wọ́n na ìka sí àwọn àyè tó ṣófo.

"Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ṣí agolo, ohun tí mo ní ni mò ń rí. Wò ó báyìí. Ihò ni mò ń rí."

"Ẹ sọ fún Bọ̀dá Gàní kí wọ́n gbé e lọ."

Wọ́n mi orí. Ìyàwó Bọ̀dá Gàní ti kú nígbà náà, ilé wọn ní Ìyànà Ọ̀fà sì ti dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Àgbà wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Ọmọ mi ń yọ̀, Àníkẹ́. Láti ìgbà tó ti sin ìyàwó rẹ̀, mi ò tíì rí i kó yọ̀ báyìí. Jẹ́ kí n ṣì rọ́jú."

Wọ́n rọ́jú títí di ọjọ́ ìpàtẹ, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ń ṣàfihàn sítáǹpù fún aráyé. Gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe é, mo sì lọ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n to tábìlì, wọ́n lẹ sítáǹpù mọ́ pátákó, wọ́n fi ike tó mọ́ gaara bò wọ́n. Orúkọ Ìyá Àgbà wà lára tiwọn. Bọ̀dá Gàní wọ agbádá funfun, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé, "Ìyá mi ni wọ́n." Mi ò rí i kí orí wọn wú bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Àgbà ń wo pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Gàní, kòkó Lásísì dà?"

"Ó wà nílé, Màmá. Ó ti ya létí. Wọ́n ní kò yẹ fún ìpàtẹ."

Lásísì kò padà wálé láti Gáánà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí ẹni tó lè lọ láti Lalupon. Ìyá Àgbà kúrò nídìí pátákó náà. Wọ́n lọ jókòó. Nígbà tó yá, ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe adájọ́ dìde, ó ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tiwọn, ó yìn wọ́n, ó ní kò sí ẹni tó lè rò pé irú nǹkan báyìí wà ní Lalupon. Ó wá ní àwọn àyè tó ṣófo láàárín àwọn ẹyẹ ló ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, pé àwọn ń retí kí Màmá lọ wá wọn rí kí ìpàtẹ mìíràn tó dé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ní kí Màmá sọ̀rọ̀ ṣókí.

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n lọ síbi tábìlì wọn.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ ti bá mi tò ó dáadáa. Ẹ wá jẹ́ kí n kó ẹrù mi."

Wọ́n ká ike náà kúrò, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn sítáǹpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ni wọ́n lò. Bọ̀dá Gàní sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ má dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn."

"Wò mí, Gàní." Ìyá Àgbà kò rẹ ohùn tiwọn sílẹ̀. "Iṣẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Iná ti jó mi lójú nídìí gàrí kí ìwọ tó di ẹni tó ń jókòó lórí àga ìjọba. Mi ò ráhùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí kì í ṣe iṣẹ́. Òun náà lo wá bá mi sọ di iṣẹ́."

"Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ pé wọn ò mọ̀ mí?"

Adájọ́ náà sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ ò lè kó wọn báyìí. Ìpàtẹ ò tíì parí."

"Ó ti parí lọ́dọ̀ tèmi."

Wọ́n di ìborùn náà ní kókó, wọ́n gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà sí gbogbo àwọn tó dúró sídìí tábìlì wọn.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbádùn rẹ̀ o. Mi ò bá yín jà. Èmi ni mi ò ṣe mọ́."

Bọ̀dá Gàní bá wa wọ ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà láìkí wa. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn agbádá funfun náà títí ọkọ̀ wa fi ṣí. Omi lé sí wọn lójú, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Mo bèèrè bóyá kí n lọ bá wọn bẹ Bọ̀dá Gàní ní ọjọ́ kejì.

"Bẹ̀ ẹ́ pé kí ni mo ṣe? Ó dùn mí, Àníkẹ́. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàó ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìjà náà. Àwọn nìkan ni wọ́n wá, ọwọ́ wọn ṣófo. Mo wà níbẹ̀. Mo ti ń múra ìjà, mo rò pé álúbọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́ gbà padà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Màmá, mo lọ ṣí tèmi lẹ́yìn tí ẹ lọ. Yàrá kan ló kún fún un. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti wò wọ́n kẹ́yìn. Mo kàn ń kà wọ́n ni."

Ìyá Àgbà gbé agolo jáde, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. "Èwo ló wù yín níbí?"

Ó ṣòro fún Ọ̀gbẹ́ni Àjàó. Wọ́n ń mú ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọdún rẹ̀, wọ́n ń sọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ìyá Àgbà ń mi orí. "Mi ò bèèrè ìyẹn. Èwo ló wù yín?" Nígbà tó pẹ́, wọ́n mú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí kò níye lórí, wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, ó wu àwọn láti di awakọ̀ ojú omi, bàbá àwọn ló ní kò ṣeé ṣe. Ojú wọn yí padà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá sí Lalupon, bí ó bá ti wù wọ́n.

"Ẹ má dá ọjọ́ fún mi," ni Ìyá Àgbà máa ń sọ fún wọn bí wọ́n bá fẹ́ lọ. "Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Bọ̀dá Gàní kò wá. Oṣù ń lọ, wọn ò wá. Ìyá mi bẹ ìhín, wọ́n bẹ ọ̀hún. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí Ìyá Àgbà kàn sọ pé kó má bínú, kí ilé lè tòrò. Ìyá Àgbà ní àwọn ò ní sọ ọ́. Ọjọ́ Iléyá ni Bọ̀dá Gàní dé. Wọ́n gbé ẹran wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí àlejò. Ìyá Àgbà bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ìpàtẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bọ̀dá Gàní yọ àpò lẹ́tà kan tó ti pọ́n jáde láti inú àpò agbádá wọn. Wọ́n fi lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

"Ta ló kọ ọ́?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ìyàwó mi ni, Màmá. Nígbà tí mo ṣì ń fẹ́ ẹ. Ó ní bí mi ò bá wá rí àwọn òbí òun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun ò ní dúró dè mí o."

"Ṣé o tètè lọ?"

"Òjò ti bẹ̀rẹ̀, Màmá. Ó dúró dè mí náà."

Bọ̀dá Gàní bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú gbogbo wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó wọn, kò sí ẹni tó gbọ́ kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ rí. Ìyá Àgbà kò ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n bu omi wá. Wọ́n gé igun àpò náà, wọ́n dá lẹ́tà padà fún Bọ̀dá Gàní, wọ́n rẹ sítáǹpù náà sómi. Àwọn méjèèjì jókòó ti abọ́ náà, wọ́n ń wò ó títí gọ́ọ̀mù fi tú.

"Gbé ìjókòó rẹ súnmọ́ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "O ti jókòó jìnnà jù láti àárọ̀."

Nígbà tí àdúà ọjọ́ kẹjọ parí, àwọn èèyàn ń tú ká, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí gbé fóònù jáde, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ra sítáǹpù àtijọ́, pé kí wọ́n gbé agolo náà wá kí òun yà á ní fọ́tò. Ẹlòmíràn ní rárá, kí a kó o fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tò, kí wọ́n fi orúkọ Màmá sí i. Mo ti la ẹnu láti jà. Bọ̀dá Gàní ló kọ́kọ́ dìde.

"Kò sí títà," ni wọ́n wí. "Kò sí títò. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá bá mi níta."

Wọ́n gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́. Ó wà lọ́dọ̀ mi ní Ọlọ́runṣògo báyìí. Àwọn kan ṣì ń sọ fún mi pé ọ̀rinrin máa bà wọ́n jẹ́, pé mo ń fi nǹkan iyebíye ṣeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mo mọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi nígbà tí ara wọn kò yá mọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èmi nìkan jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe sí sítáǹpù náà lẹ́yìn wọn. Wọ́n sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, nítorí èémí ti ń ṣòro, ṣùgbọ́n ohùn náà jáde bó ṣe máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn jà.

"Bó bá ń dùn mọ́ ọ, máa wò ó. Bí kò bá dùn mọ́ ọ mọ́, gbé e fún ẹlòmíràn, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ di iṣẹ́ nínú yín, kó má pe ara rẹ̀ ní ọmọ mi."